Bí Òpómúléró Ṣe Fẹnu Pa Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ jókòó ná, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ènìyàn dúró níwájú òun. Ó ní bí ènìyàn bá dúró, orí onítọ̀hún lè ga ju ti òun lọ.

Akọ̀wé àgbà ni ní kóòtù kan. Iṣẹ́ akọ̀wé àgbà, bí ẹ kò bá mọ̀, ni pé kí fáìlì wà níbi tó yẹ kó wà, kí òṣìṣẹ́ dé lásìkò, kí ilẹ̀kùn kóòtù sì ti ṣí kí adájọ́ tó wọlé. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iyì yẹn kò yó ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó fún ara rẹ̀ lórúkọ, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pe òun ní Òpómúléró Òtítọ́. Lójú rẹ̀, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, Fáàrí ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ àfi òun nìkan.

Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti tò sórí àtẹ̀gùn kóòtù kí ó tó dé. Akéde kóòtù, ọkùnrin gìrìwò kan tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó ń sùn ní àdúgbò kejì, ni yóò pariwo pé, "Òtítọ́ ń bọ̀! Òtítọ́ ti dé! Òtítọ́ ń gun àtẹ̀gùn!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Irọ́ ti sá lọ!" Lọ́jọ́ kan tí ìdáhùn náà kò ròkè tó, ọ̀gá padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ látorí Òtítọ́ ń bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà á pariwo.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Òpómúléró lọ́kàn: àga adájọ́ ga ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé káfíńtà kan wà ní ìlú tó jìnnà tó máa ń ṣe àga bí ààfin. Káfíńtà náà ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìdí gbọ́dọ̀ gbé e wá, kí òun wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ adájọ́ kò ní fún ènìyàn láyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó fẹ́ lọ wọn ìdí.

Ni Òpómúléró bá wọ ọ́fíìsì adájọ́, ó fajú ro, ó ní ìyá ìyàwó òun ti kú.

Adájọ́ yìí, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í pariwo, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára ènìyàn. Ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí ló ṣe wọ́n?"

Òpómúléró kò tíì ronú débẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí igi máńgòrò kan níta. "Igi máńgòrò ni, Olúwa mi."

"Igi wó lù wọ́n?"

"Rárá o. Wọ́n... wọ́n já bọ́ látorí rẹ̀ ni."

Adájọ́ wò ó títí. "Ìyá àgbà?"

"Ara wọn le gan-an, Olúwa mi."

Kí ni wọn ò ṣe lọ́jọ́ náà? Gbogbo kóòtù dìde dúró, wọ́n dákẹ́ fún ìyá tó já bọ́ lórí igi. Akéde sunkún débi pé wọ́n ní láti mú un jáde. Adájọ́ ní kí Òpómúléró lọ sin òkú rẹ̀. Ó lọ, ó lọ wọn ìdí. Lẹ́yìn náà, ó ní ìdílé fẹ́ ṣèpàdé lórí òkú, ọjọ́ náà ni káfíńtà wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún ní ogún fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n ran tìmùtìmù. Níkẹyìn àga dé, ó pupa, ó ń dán, ó ga débi tí wọ́n fi ní láti kan àtẹ̀gùn kékeré mọ́ ọn níwájú. Adájọ́ wo àga náà láti ẹsẹ̀ dé orí, ó wọlé lọ.

Ìyàwó Òpómúléró ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Ohun tó mọ̀ ni pé, láti ìgbà kan, ọkọ òun kò jẹ́ kí ìyá yà sílé mọ́. Lónìí òrùlé ń jò. Lọ́la wọ́n ń kun ilé. Lọ́túnla, ọ̀dà ò tíì gbẹ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àṣẹ kan jáde láti òkè pé kí gbogbo kóòtù bá òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe màgòmágó tàbí tó ń hùwà tí kò yẹ lẹ́nu iṣẹ́ wí. Ẹlòmíràn á ka irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, á wo ara rẹ̀, á tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Òpómúléró kà á, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Ó gbé ìgbìmọ̀ ìbáwí kalẹ̀ kíá. Òun ni alága ìgbìmọ̀ náà. Òun ni ọmọ ìgbìmọ̀. Òun náà ni yóò dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ alága.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó, ó dúró níwájú dígí nínú yàrá, ó ń fi ohùn wọn ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wọlé. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, Ìyá ń bọ̀ lónìí o. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ọjọ́ ńlá lọjọ́ òní fún yín, inú wọn dùn dé ibi tó dùn dé. Wọ́n ní kóòtù gan-an làwọn máa kọ́kọ́ yà."

"Irọ́," ni Òpómúléró wí sí dígí. "Irrrọ́! Èwo ló dún jù níbẹ̀?"

"Ìkejì ló dún jù," ni ìyàwó wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Ìyá?"

"Ó dára, ó dára," ni ọkọ dáhùn, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè láti wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló tún fẹ́ ráyè gbọ́ ti ìyàwó?

Inú yàrá ìdájọ́ ńlá ni wọ́n jókòó sí, nítorí adájọ́ lọ ìpàdé kan láàárọ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ kún ibẹ̀, àwọn tó sì wá fún ẹjọ́ tiwọn jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń gba atẹ́gùn fáànù. Òpómúléró gun àtẹ̀gùn àga rẹ̀, ó tún tìmùtìmù ṣe, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kóòtù," ó ní, "ẹ̀yin ìkùukùu tó ń ṣíji bo oòrùn òtítọ́ tí í ṣe èmi! Nígbà tí wọ́n ń dá ayé, tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ òtítọ́, ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá a? Ẹ má dáhùn. Ìdáhùn náà ti jókòó níwájú yín. Irọ́ kékeré, irọ́ ńlá, irọ́ tó wọ ṣòkòtò, irọ́ tó ró ìró, gbogbo wọn ni màá fi etí fà jáde nínú ilé yìí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kò tó. Wọ́n tún un pa.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ni obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rí. Adìyẹ kan ni wọ́n gbé wá sí kóòtù nínú ẹjọ́ olè, adìyẹ náà sì yé ẹyin sínú àpótí ẹ̀rí. Obìnrin yìí mú ẹyin lọ sílé.

"Ẹ̀rí ló bí ẹ̀rí," ni Òpómúléró wí. "Ọmọ ẹ̀rí ni ẹyin náà. Níbo ló wà?"

"Ọ̀gá, mo ti jẹ ẹ́."

"O jẹ ọmọ ẹ̀rí!" Ó di orí mú. Ó wá ṣèdájọ́ pé kí obìnrin náà jókòó ti adìyẹ yẹn títí yóò fi yé òmíràn, kí ẹyin ìkejì sì jọ ti àkọ́kọ́ nínú gbogbo nǹkan. Obìnrin náà béèrè bóun yóò ṣe mọ̀ pé ó jọ ọ́, nígbà tóun ti jẹ àkọ́kọ́. Òpómúléró ní ìyẹn gan-an ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Akéde ló tẹ̀lé e. Ẹ̀sùn tirẹ̀ ni pé ó yán nígbà tó ń pe "Òtítọ́ ń gun àtẹ̀gùn." Ó bẹ̀bẹ̀ pé ọmọ òun tuntun ò jẹ́ kóun sùn. Òpómúléró kò gbà. Ó ní, "Ẹnu tó yán sí òtítọ́, kó padé. Láti ìsinsìnyí, ìwọ ò gbọdọ̀ la ẹnu nínú kóòtù yìí láìjẹ́ pé èmi tàbí adájọ́ ní kí o là á." Akéde pa ẹnu dé, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó iná.

Kò pẹ́ sígbà náà ni adájọ́ ti ìpàdé dé. Akéde rí i, ó fẹ́ ké, ó rántí, ó gbé omi mì. Adájọ́ rọra wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn tó ń gba fáànù, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Òpómúléró ń wo àjà lọ́wọ́, kò rí i.

Ẹ̀sùn kẹta ló tóbi jù, ti ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ni ẹni tó máa ń gbọ́ èdè àwọn tó ti òdìkejì odò wá, tí yóò sọ ọ́ fún kóòtù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ló ń fi iṣẹ́ náà bọ́. Ẹnì kan ti pe adájọ́ ní àgùntàn ní èdè òdìkejì odò, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní Olúwa mi ní sùúrù púpọ̀."

"Ṣé o ṣe é àbí o ò ṣe é?"

"Mo ṣe é, sà. Ọkùnrin náà ń bínú ni. Tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ àánú? Irọ́ lo pa fún kóòtù! Lónìí yìí ni màá kọ̀wé pé kí wọ́n lé ọ." Ojú ògbufọ̀ pọ́n, omi fẹ́ bọ́. Ọ̀rọ̀ wá dùn mọ́ Òpómúléró lẹ́nu, kò sì mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Ó gbá apá àga rẹ̀. "Títí ìwé náà yóò fi jáde, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wọ etí rẹ ni kó ṣe jáde lẹ́nu rẹ! Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Kódà bí ẹnì kan bá bú èmi gan-an, èmi Òpómúléró, bó ṣe bú mi ni kí o sọ ọ́!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ rí i bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, tí yóò tún máa pàtẹ́wọ́ fún ṣọ́bìrì?

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá kúkúrú kan wọlé, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó gbé báàgì dání, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òkè, ó rí Òpómúléró.

Ara Òpómúléró ti mọ ìyá yìí kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé. Òun tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni, ó dìde fùú, ó tẹ̀ ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ó sì fi èdè òdìkejì odò, èdè àwọn àna rẹ̀, wí pé, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa." Ìgbà tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀ ni àyà rẹ̀ já.

Ìyá fi èdè tirẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá. Nígbà tó parí, gbogbo ojú yí sí Òpómúléró.

Ó nu òógùn. "Arìnrìn-àjò kan ni," ó ní. "Ó ní òun ń wá báńkì."

Láti ẹ̀yìn, ohùn jẹ́jẹ́ kan wí pé, "Ògbufọ̀, ṣé ohun tí ìyá sọ nìyẹn?"

Gbogbo ènìyàn bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí adájọ́, wọ́n dìde gìrì. Òpómúléró di apá àga rẹ̀ mú. Ògbufọ̀ wò ó. Ó wo adájọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Olúwa mi, wọ́n ti pàṣẹ fún mi pé kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀. Ìyá ní, 'Ọkọ ọmọ mi dà? Ha, òun rèé! Kí lo gun òkè lọ ṣe báyẹn, bí ológbò tí ajá lé? Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kí n rí ọ dáadáa, ó pẹ́ tí mo ti rí ọ.'"

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Akéde ni.

"Ọkọ ọmọ wọn," ni adájọ́ wí. "Ìyá ìyàwó mélòó lẹ ní, Akọ̀wé?"

"Olúwa mi, ìbejì ni wọ́n," ni Òpómúléró sáré wí. "Àbúrò olóògbé nìyí. Wọ́n jọra gan-an."

Ìyá fa ògbufọ̀ láṣọ, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ògbufọ̀ sọ fún un, ó sì ń túmọ̀ fún kóòtù bí wọ́n ṣe ń bá a lọ.

"Ìyá, ó ní àbúrò olóògbé ni yín."

"Olóògbé wo?"

"Ẹ̀yin, mà."

"Èmi? Mo kú?" Ìyá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Kí ló pa mí?"

"Ẹ já bọ́ lórí igi máńgòrò."

Ìyá wo orúnkún ara rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ni mo lọ ṣe lórí igi máńgòrò?"

Ògbufọ̀ kọjú sí adájọ́. "Olúwa mi, ìyá ń béèrè pé kí ni àwọn lọ ṣe lórí igi."

"Èmi náà ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yẹn," ni adájọ́ wí.

Ìyá gbé báàgì sílẹ̀. Nígbà tí ìyá yẹn bá gbé báàgì sílẹ̀, kí onílé wá ibi sá sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ògbufọ̀ sì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó péye.

"Ìyá ní aláìnítìjú ni yín, sà. Ìyá ní orí yín dà bí ìkòkò tí wọ́n gbé kaná tí wọ́n gbàgbé omi, sà. Ìyá ní lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ ọmọ wọn, bàtà ọ̀tún àti tòsì yín kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, sà, àwọn sì fi yín ṣe ènìyàn."

"Ó tó!" ni Òpómúléró ké.

"Wọn ò tíì parí, sà. Ìyá ní tó bá jẹ́ àìsàn gidi lẹ fi pa àwọn, àwọn ì bá gbà. Ẹ gbé àwọn gun igi, pẹ̀lú orúnkún àwọn yìí!"

Òpómúléró ní kóun sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ ìyá. Ó nawọ́, ó na ẹsẹ̀, ó gbàgbé àtẹ̀gùn. Ó yí gbirigbiri láti òkè àga dé iwájú tábìlì, tìmùtìmù sì tẹ̀lé e, ó bà lé e lórí. Kò sí ẹni tó lọ gbé e. Ẹ̀rín ti gba agbára lọ́wọ́ wọn.

Akéde na ọwọ́ sókè, ó ń tọ́ka sí ẹnu rẹ̀. Adájọ́ ní, "Sọ̀rọ̀."

"Olúwa mi, mo sunkún fún wọn!" ni akéde bú jáde. "Mo sunkún gan-an!"

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá lọ bá akéde, ó na ara rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Ọmọ dáadáa," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ta ni kò sunkún?" Gbogbo òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn.

Adájọ́ kò pariwo, kò sì ṣe fọ́ńté. Ó ní kí Òpómúléró lọ rọ́kún nílé, kí àwọn tó ga ju òun lọ wá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́, nítorí ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi hó. Ó ní òun kò parọ́ ikú, pé ṣe lòun sọ ọ́ ṣáájú àkókò. Wọ́n ní kó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àga pupa náà, wọ́n gbé e fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ó ní òun ń ti orí rẹ̀ rí ìgboro dáadáa.

Ní ti ògbufọ̀, adájọ́ pè é sí yàrá rẹ̀. "Àgùntàn ni ọkùnrin yẹn pè mí," ó ní.

Ògbufọ̀ dijú. "Olúwa mi, ẹ gbọ́ èdè náà?"

"Ìyá tó tọ́ mi dàgbà, èdè yẹn ló fi ń bá mi wí. Gbọ́ mi dáadáa. Lónìí èébú lo yí padà. Lọ́la ó lè jẹ́ ẹ̀rí tí yóò gbé aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Tí o bá tún ṣe é, màá lé ọ, mi ò sì ní ṣe àlàyé púpọ̀." Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ." Ògbufọ̀ dúpẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nílé Òpómúléró ńkọ́? Ìyá ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ wọlé, kò béèrè bóyá òrùlé ń jò. Ìyàwó kò bá ọkọ jà. Ó kàn ń se oúnjẹ, ó ń bù ú fún ìyá rẹ̀, ó ń bù ú fún àwọn ọmọ, ó ń bu ti ara rẹ̀, ó sì ń dé ìkòkò. Òpómúléró ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ ní kọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó gbààwẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kéde rẹ̀ tó bá wọlé, kò sí ẹni tó ń dìde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo wọn jókòó ní ilé ìdáná. Ìyá wò ó títí, ó fi èdè tirẹ̀ wí pé, "Bí mo bá bi ọ́ ní nǹkan, ṣé wàá fi ẹnu kékeré dáhùn?"

"Ẹ bi mí, mà."

"Lọ́jọ́ tí o wí fún wọn pé mo kú, ṣé ó tiẹ̀ dùn ọ́ díẹ̀?"

Òpómúléró la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ti tò sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ sórí àtẹ̀gùn. Ó wo ìyá àgbà náà, ẹni tó fún un lóúnjẹ nígbà kan rí tí kò níṣẹ́, tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ńláńlá náà túká.

"Mo sunkún nínú ọkọ̀, mà," ó ní. "Ó wá dà bíi pé òótọ́ ni."

Ìyá wá irọ́ lójú rẹ̀, ó wá a kiri, kò rí i. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ," ó ní.

Ìyàwó dìde, ó ṣí ìkòkò, ó mú ṣíbí.

"Ṣùgbọ́n má fi ẹran sí i."